Sàtífíkéètì Mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti Àgbò Iléyá

Ilé Bàbá Káfíńtà,
Ẹ̀yìn Ọjà, Mówé.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, 2008.

Muqtadir ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ nídìí oúnjẹ, jẹun tán kí o tó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ọbẹ̀ kán sí i. Ìyá rẹ Hàfísátù kí ọ. Àbúrò rẹ Muslimah náà kí ọ, ọdún tó ń bọ̀ ló máa jáde níléèwé gírámà, òun ló ń ka òyìnbó fún wa nínú ilé báyìí. Ara mi le, àfi orúnkún òsì tó máa ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá ṣú, ìyẹn kì í ṣe tuntun, o mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, ilẹ̀ Èkó tí ò ń tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àmín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ni pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí àwọn kọ́ìnì. Bóyá o ti gbàgbé ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, èmi ò gbàgbé. Iléyá tó ṣáájú ti èṣí ni, ìgbà tí o wá sílé kẹ́yìn. O bá mi níbi tí mo ti ń nu tọ́rọ́ àti sísì ayé àtijọ́ tí mo kó sínú agolo mílíìkì, o rẹ́rìn-ín, o yọ ìwé kan tí o gé nínú ìwé ìròyìn, o ní ilé iṣẹ́ kan wà ní Èkó tó ń kó kọ́ìnì tuntun jọ láti gbogbo ayé, wọ́n sì ń fi ẹyọ àkọ́kọ́ ta èèyàn lọ́rẹ. O kọ orúkọ ara rẹ sí i, o ní kí wọ́n máa kó o wá sí ṣọ́ọ̀bù Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ tó ń báni gba ẹrù ní Ìbàfò, o buwọ́ lù ú. Ọjọ́ kẹta ọdún lo padà sí Sùúlérè.

Kọ́ìnì náà dé lóòótọ́. Fẹ́yìsayọ̀ fi rán ọlọ́kadà kan sí wa, ìyẹn ò sì rí orúkọ mìíràn lára àpòòwé ju tìrẹ lọ, ló bá dúró ní títì, ó ń pariwo pé Muqtadir dé o, Muqtadir dé o. Ìyá rẹ sáré jáde ní ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Inú àpótí kékeré aláṣọ múlọ́múlọ́ ni kọ́ìnì náà sùn sí, ẹja wà lára rẹ̀, o lè ka ìpẹ́ ẹja náà níkọ̀ọ̀kan. Oṣù tó tẹ̀ lé e, òmíràn dé, ẹyẹ kan ló wà lórí tiẹ̀, ó nàró bíi lọ́yà, dúdú lẹ́yìn, funfun láyà. Muslimah ní àwọn èèyàn tó ni ìlú tí owó yẹn ti wá kò tó àwọn tó ń wá ṣe àdúà ní Káńpù àwọn onígbàgbọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù. Mo ní ẹ ò rí nǹkan bí, ìwọ̀nba èèyàn yẹn ráyè ya ẹyẹ sórí owó kó dára tó báyìí, náírà méjì onírin tí ìjọba tiwa gbé jáde léṣìí, ọlọ́kadà ò tiẹ̀ fẹ́ fojú rí i.

Láti ìgbà náà, kò dáwọ́ dúró mọ́. Ẹyọ kan lóṣù di méjì, méjì di mẹ́ta. Bí béárì bá jáde lónìí, ọmọ béárì á jáde lọ́la, tó bá tún yá wọ́n á gbé béárì àná padà wá, wọ́n á ní wọ́n ti fi wúrà pa á létí. Bébà kan máa ń bá a wá tó ń sọ iye tí a máa san. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, ó di ẹgbẹ̀fà, ó di ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀, ó wá di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lórí ẹyọ kan. Mo gbà pé owó ọkọ̀ ni, nítorí epo ń wọ́n sí i. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ wa ló ń ra kọ́ìnì olówó ńlá báyìí fún wa, ṣé owó ọkọ̀ ló wá yẹ ká máa ráhùn lé lórí?

Ohun tó jọ mí lójú jù ni sàtífíkéètì. Kò sí kọ́ìnì tí kì í mú ọ̀kan dání. Muslimah ka ti àkọ́kọ́, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Mr. Muqtadir wà lára ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn tí a ṣà lẹ́sà nínú gbogbo ayé, èdìdì wúrà sì wà nísàlẹ̀. Ọmọ mi, mo jókòó. Ilé ẹ̀kọ́ tí o fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún tí owó mi ò tó, tí o bínú sí mi, kò sí ọjọ́ tí mi ò rò ó. Mo wá rí i pé o ò fi ìwé sílẹ̀ rárá, oṣooṣù lò ń gba sàtífíkéètì, o sì ń kó o wá fún bàbá rẹ. Mo la pákó ìrókò tí mo fi pa mọ́, mo fi ṣe férémù, mo ra gíláàsì sí i. Ó ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí lára ògiri pálọ̀. Mo gbé kàlẹ́ńdà kúrò, mo gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa lọ sí yàrá, ìyá rẹ ò sì tíì dárí ìyẹn jì mí. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wá gbé àga tó ní kí n tún ṣe wo ògiri náà títí, ó bi mí pé kí ni ọmọ mi kọ́. Mo ní gbogbo ẹ̀ ni. Sàtífíkéètì mẹ́ta péré lọ̀gá náà alára ní.

Báńkì la ti ń san owó náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo gbé férémù kan dání kí wọ́n lè mọ bàbá ẹni tí mo jẹ́. Ilẹ̀kùn wọn tó ń gbé èèyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan kọ̀ jálẹ̀, ó ń ké, àṣé ìṣó ara férémù ló ń bá jà. Sikiọ́rítì bá mi gbé e dúró níta, ó ń kà á fún àwọn tó ń kọjá. Ọmọbìnrin tó gba owó lọ́wọ́ mi ní ẹ kú oríire ọmọ, mo wá ṣàdúà fún un níbẹ̀, àwọn tó tò sẹ́yìn mi ṣe àmín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń sọ pé kí bàbá jọ̀ọ́ sún.

Lóṣù tó kọjá, kọ́ìnì mẹ́rin dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ ò lọ déédéé, àwọn ilé tuntun tó ń yọ ní Arẹ́pò, ilẹ̀kùn onírin ni wọ́n ń fẹ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fa àgbò Iléyá wa lọ sọ́jà Ìfọ̀, mo tà á. Èyí tó ní funfun níwájú orí, tí ìyá rẹ ti ń fi èèpo iṣu bọ́ láti èṣí.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo tà á, ìyá rẹ ní kí Muslimah kó gbogbo ìwé tó bá kọ́ìnì wá, kó tún wọn kà látòkè, kó bá òun wá ibi tí o ti béèrè òun. Muslimah kà á títí ojú ń pọ́n ọn. Kò rí i. O ò béèrè orúnkún mi náà. Ìyá rẹ bá dìde, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàfò lọ́dọ̀ Fẹ́yìsayọ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ ya ẹnu, ó ní òun rò pé a fẹ́ràn kọ́ìnì ni. Ó ní ìwọ kọ́ lò ń fi wọ́n ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ yẹn ló ń tà wọ́n, owó kọ́ìnì gan-an la sì ń san. Ó ní ẹni tó bá ti buwọ́ lu ìwé wọn, wọn ò ní dá a dúró títí yóò fi kọ̀wé pé ó tó. Sàtífíkéètì náà, ó ní ti kọ́ìnì ni, wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i pé kọ́ìnì náà kì í ṣe ayédèrú.

Pákó ni mo ń fá nígbà tí ìyá rẹ dé, tó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ń fá a lọ. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ìyá rẹ ní ká kọ̀wé pé ó tó. Mo ní tí a bá kọ ọ́, kí ló tún máa gbé orúkọ Muqtadir wọ ilé yìí? Nọ́ńbà fóònù rẹ tó wà lọ́wọ́ wa kò lọ láti nǹkan bí ọdún kan. Ọlọ́kadà yẹn nìkan ló ń pè ọ́ níwájú ilé wa. Ìyá rẹ wọ ilé ìdáná lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n a ò lágbára ẹ̀ mọ́. Ìwé tí a fi ń dá kọ́ìnì dúró ti dé ọwọ́ wa láti ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì ní ẹni tó buwọ́ lu ti àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Mi ò fi sínú lẹ́tà yìí. Orí bẹ́ǹṣì mi ló wà, mo fi òòlù lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta ni ò jẹ́ kí o wálé, mo jẹ̀bi, wá bá mi jà nílé. Àwọn sàtífíkéètì náà ṣì wà lára ògiri. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀, mi ò já ìkankan.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá pé. Fẹ́yìsayọ̀ ló máa fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ. Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, mo fẹ́ owó róòbù fún orúnkún mi, àti owó gíláàsì kan tó fọ́, ìyẹn o lè fi rán Fẹ́yìsayọ̀. Ṣùgbọ́n àgbò ni mo ń béèrè jù, mo sì ti rò ó dáadáa: kò ṣeé kì sínú àpòòwé, báńkì ò gba àgbò, ọlọ́kadà kankan ò ní gbé e. Ìwọ fúnra rẹ lo máa fà á wá. Bó jẹ́ kékeré, bó tiẹ̀ jẹ́ ewúrẹ́ lo rí, fà á bọ̀. Bó jẹ́ ọwọ́ òfìfo, máa bọ̀.

Ọlọ́hun á ṣí ọ̀nà fún ọ, á bo àṣírí rẹ, àwọn ọmọ tí o máa bí kò ní jìnnà sí ọ.

Bí o bá dé, má kanlẹ̀kùn. Dúró ní títì, kí o pariwo orúkọ ara rẹ bí ọlọ́kadà yẹn ṣe máa ń ṣe. Ìyá rẹ á jáde.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mùsáfírù káfíńtà.