Yíiwò, Àbúrò Mi Tó Mọ Ọjà Rà

Ọdún mẹ́fà pé lónìí tí o fi wá sílẹ̀, àbúrò mi. Ọdún mẹ́fà! Gbogbo àwọn tó ń pè ọ́ ní ahun nígbà ayé rẹ ṣì wà níbí. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n sì ń ra ìràkurà.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí yìí lórúkọ gbogbo ilé, nítorí èmi ni tísà ìdílé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì fẹ̀yìn tì. Màá lò ó dáadáa lónìí.

Aránbàtà ni ọ́. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta: fèrèsé kan, àga méjì, òórùn gọ́ọ̀mù, àti ẹ̀rọ ìránbàtà onírin dúdú kan tó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e wọlé, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń di ẹ̀yìn mú nígbà tí wọ́n jáde. Ogún ọdún gbáko lo fi jókòó ti ẹ̀rọ yẹn. Bàtà tó bá wọlé tọ̀ ọ́, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ lo máa ń kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ń ra gbogbo nǹkan láyé. Ìkòkò, o máa yí i wò. Àga, o máa dà á dojú dé láàárín ọjà. Agboòrùn, o máa ṣí i, o máa pa á dé, o máa tún ṣí i, títí ọlọ́jà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Yíiwò nìyẹn.

A fi ọ́ rẹ́rìn-ín, àbúrò mi! Ẹnu èmi náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a jọ lọ ra aṣọ ìbora, o gbé aṣọ náà jáde síta, o nà án sójú oòrùn, o ń wo òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá iná orí. Ọlọ́ṣọ́ọ̀bù yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí?" Mo ní, "Rárá o." Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ! Ọmọ ìyá mi! O gbọ́ ọ. O ra èyí tó nípọn jù, o sì gbé e lé mi lọ́wọ́ nígbà tí a délé.

Àbíkẹ́yìn wa wá ń kọ́? Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀dínwó fúnra rẹ̀! Ẹni tó bá kọ "ẹ̀dínwó" sára ògiri lásán, àbíkẹ́yìn wa á ra ògiri náà. O mọ yàrá rẹ̀. Bulẹ́ńdà mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tó lè lọ ata. Fáànù méjì tó ń mi orí bí ẹni tó gbà pẹ̀lú ẹ, láì fẹ́ atẹ́gùn kankan. Ẹ̀rọ eré ìmárale tó fi ń sá ṣòkòtò. Bàtà mẹ́rìnlá, ẹnu gbogbo wọn ti là bí ẹni ń yán. Tí mo bá bá a wí, á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ iye tí mo jẹ lérè lórí ọjà yìí?" Ó jèrè títí, kí oṣù tó dé ìdajì ó ti ń bẹ̀ mí fún owó ọkọ̀. Òun ló tún ń jókòó láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sọ pé ahun ni ọ́, pé bàtà kan lo wọ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Kò sọ fún wọn pé ìwọ lo ń san owó iléèwé ọmọ rẹ̀!

Nígbà tí àìsàn àyà yẹn mú ọ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò mọ ibi tá a wà. Àbíkẹ́yìn wa nìkan ni ojú rẹ̀ dá. Ó ní òun máa ra pósí. Ó ní, "A ò ní sin ẹ̀gbọ́n mi bí ahun." Ó gbé pósí kan dé tó ń dán bíi dígí, ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ ń kọ mànà bíi wúrà. Wọ́n ṣe ẹ̀dínwó fún un, ó sọ fún gbogbo àlejò. Bí wọ́n ṣe gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà ibi ìsìnkú, gbááǹ! Ọwọ́ ìdìmú kan já sí àbíkẹ́yìn wa lọ́wọ́. Ike ni! Ike tí wọ́n kùn! Ó dúró síbẹ̀, ó di ike mú. Ìyàwó rẹ wo ike náà, ó bú sẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ó ní, "Yíiwò ì bá ti rí i látìta." Ọlọ́run ló mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ló gbé wa délé lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an nìyí, nítorí mo lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ ló gba ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún! Ó ti ń jókòó tì ọ́ láti kékeré, a rò pé eré ló ń ṣe. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí o lọ, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò gbé bàtà àwọn ọlọ́dẹ wọn fún un láti tún ṣe, ogójì bàtà, búùtù gidi. Iṣẹ́ ńlá tó kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ni àbíkẹ́yìn wa bá dé. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ rẹ bí ẹni fọwọ́ kan òkú ẹran.

Ó ní, "Nǹkan àtijọ́ yìí ń dójú tì wá. Tuntun wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ìdajì owó ni wọ́n ń tà á, wọ́n á tún fi àga kún un."

Ọmọ rẹ kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ìyá rẹ̀ wo ojú mi. Èmi ni gbogbo wọn ń wò. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún márùndínlógójì, mo la ẹnu, mo ní, "Ọmọ mi, gba ohun tí àwọn àgbà bá sọ." Kí ló ń ṣe mí? Mo rò pé tuntun ni tuntun ń jẹ́! Wọ́n gbé ẹ̀rọ rẹ lọ fún bàbá tó ń ta àlòkù ní òpin àdúgbò, owó tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n fi kún owó tuntun náà.

Àbúrò mi, ẹ̀rọ tuntun náà funfun. Ó ní iná kékeré tó ń ṣẹ́jú. Tí wọ́n bá tàn án, ó máa ń kọrin. Ẹ̀rọ ìránbàtà tó ń kọrin! Bàtà kọkànlá ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó dún bí ìgbà tí èèyàn bá fi eyín fọ́ bisikíìtì. Orin tán. Abẹ́rẹ́ dúró sínú awọ. Ọ̀gá àwọn ọlọ́dẹ wá wo bàtà rẹ̀, ó ní tí kò bá rí gbogbo rẹ̀ gbà lọ́jọ́ Ẹtì, òun á kó wọn lọ síbòmíràn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn.

Ọmọ rẹ ò sunkún. Ó di ẹ̀rọ náà sínú àpótí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹ bá mi lọ."

A dé ṣọ́ọ̀bù ńlá. Ó tutù bí inú fìríìjì, orin ń dún lókè, àwọn èèyàn ń ti apẹ̀rẹ̀ onítáyà kiri, wọ́n ń kó ohun tí wọn ò mọ̀ pé àwọn fẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ de táì, ó rẹ́rìn-ín sí wa bí ẹni tí wọ́n sanwó ẹ̀rín fún.

Ó ní, "Ọjà ẹ̀dínwó ni mà. A kì í gbà á padà."

Ọmọ rẹ gbé ẹ̀rọ náà lé orí káńtà, ó dà á dojú dé. Ó yọ sukudiráfà láti inú báàgì rẹ̀, ó tú ìdí rẹ̀, ó fa kẹ̀kẹ́ eléyín kan jáde tó ti fọ́ sí méjì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ha á. Ọ̀dà fàdákà ṣí kúrò, ike funfun yọ jáde.

Ó ní, "Ìwé yín sọ pé irin ni, sà. Ẹ kà á."

Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀dínwó ni, àǹtí. Ó yẹ kó yé yín."

Ọmọ rẹ ò rẹ ohùn sílẹ̀. "Owó lẹ ní ẹ dín. Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ dín irin náà!"

Àbúrò mi! Ìyá kan tó wà lẹ́yìn wa dojú áyọ́ọ̀nù tó fẹ́ rà dé, ó wo ìdí rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ọkùnrin kan ní kí ọmọ rẹ jọ̀ọ́ yá òun ní sukudiráfà. Ọ̀gá táì rí ohun tó ń bọ̀. Ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mà, ṣé ẹ mọ ọmọ yìí? Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀." Mo fi ohùn tí mo fi ń pe kíláàsì mẹ́fà papọ̀ dáhùn. Mo ní, "Ọmọ mi ni! Ọmọ àbúrò mi ni! Ẹ dá owó rẹ̀ padà!" Kíá ni wọ́n dá a padà. Wọ́n tún fẹ́ fún wa ní ife kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ rẹ yí i wò, ó fi í sílẹ̀ fún wọn.

A gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá alálòkù. Ẹ̀rọ rẹ wà níwájú rẹ̀, ó ti nù ún, ó ń dán. Iye tó pè é fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye tó rà á. Mo fẹ́ bú u. Bàbá náà ní, "Ẹ má bú mi, mà. Èmi mọ ohun tó jẹ́, ẹ̀yin tí ẹ tà á lẹ ò mọ̀." Òótọ́ ló sọ! Ọmọ rẹ jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó fi ègé awọ kan dánra wò, ó tẹ́tí. Ó ní, "Bàbá, bẹ́líìtì rẹ̀ ti gbẹ, ẹ ò sì fún un lépo. Ẹ bá wa dín in sí i." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dín in. Èmi ni mo san èyí tó kù, owó tí mo fẹ́ fi ra àga tuntun sí pálọ̀. Mo ṣì ń jókòó sórí àga àtijọ́, kò ṣe ìdí mi ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó dé àárín, ogójì bàtà ti tò sílẹ̀. Ọ̀gá àwọn ọlọ́dẹ mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọ búùtù náà, ó sì wọ̀ ọ́ lọ.

Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ ń lọ! Ọmọbìnrin méjì ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí. Ilé tí o fi sílẹ̀ láìbò ti ní òrùlé, páànù tó nípọn ni ìyàwó rẹ rà, ó sì mú kí ẹni tó ń kan òrùlé fi òòlù lu ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó sanwó. Òjò mẹ́ta ti rọ̀ lé e. Kò jò.

Àbíkẹ́yìn wa kò yí padà o, má tan ara rẹ. Lóṣù tó kọjá, ó gbé bàtà kan wá fún ọmọ rẹ pé kó bá òun rán an. Ọmọ rẹ wò ó, ó ní, "Ẹ má bínú sà, kò sí ohun tí òwú máa dì mú níbẹ̀. Páálí ni." Àbíkẹ́yìn wa jókòó. Ó wá ní, "Tí ẹ̀gbọ́n mi bá wà, á ti sọ fún mi." Mo ní, "Ó sọ fún ọ. Ogún ọdún ló fi sọ fún ọ, ẹ̀rín lo fi dá a lóhùn." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo gbà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, ó ti ra aago ògiri mẹ́rin nítorí pé wọ́n fi ẹ̀karùn-ún kún un. Aago márùn-ún, kò sí méjì tó ń sọ ohun kan náà!

Mo ti bú wọn tán, àbúrò mi, ara ò tíì tù mí. Mo ń wọ ọjà, mo ń rí àwọn tó ń sáré kó ìdọ̀tí sínú àpò, màá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti sọ ọ́ fún ọ. Ẹlòmíràn ló máa ń dúró níbẹ̀. Ìyàwó rẹ ní òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti ọmọ rẹ, mo ti gbọ́ ọ tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

A nífẹ̀ẹ́ rẹ. A ò sọ ọ́ tó nígbà tí etí rẹ wà ńlẹ̀, èmi gan-an ni mo jẹ̀bi jù. Àárò rẹ ń sọ wá, Yíiwò, ọdún mẹ́fà kò dín in kù rárá. Ká ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń ta ọ̀sán kan ṣoṣo pẹ̀lú rẹ, mi ò ní yí i wò, mi ò ní ná an. Iye tí wọ́n bá pè é ni màá san.