Ojú Tí O Kàn Mọ́ Òpó, Ọ̀dọ̀ Ìyá Mujeebat Ló Ń Wò

Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.

Ọládiípọ̀, Àkànní ọmọ mi,

Ó di ọjọ́ kọkànlélógójì lónìí tí o gbé báàgì rẹ, tí o ní kí n má ṣe sìn ọ́ dé ìta nítorí pé ẹkún mi kò ní jẹ́ kí o tètè rí ọkọ̀ wọ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí rẹ sí tí o fi sin bàbá rẹ, òun náà ni yóò dá ẹ̀mí rẹ sí tí ọmọ tìrẹ náà yóò fi sin ọ́ lọ́jọ́ alẹ́. Èkó kò ní gbé ọ mì. Àmín.

Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ti bímọ, akọ kan abo kan, akọ náà sì jọ bàbá rẹ nínú agídí, kì í jẹun tí a ò bá bẹ̀ ẹ́. Àlùfáà wá kí mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó ka Bíbélì fún mi, ó gbàdúrà, ó sì jẹ gbogbo iṣu tó wà nílé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n tí mo bá pè ọ́, wàá ní Màmá, mo wà ní mítìn, ohun tí mo fẹ́ sọ á sì padà sínú mi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà. Akínwùmí, ọmọkùnrin ará Mọ́lété tí o rán wá kan kámẹ́rà, ní òun ń bọ̀ wá ra ọjà ní Èkó, òun ni n ó fi rán. Ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá kànga, ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ọ́, kí kámẹ́rà má baà rí i, kí o má baà ti kà á tán kí n tó kọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yìí gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Mo mọ ìdí tí o fi rà á. Ọjọ́ tí a lọ ṣe ìdúpẹ́ ìsìnkú bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn olè wá yọ ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, o sì ní ìyá rẹ kò gbọdọ̀ dá wà láìsí ojú tí yóò máa wò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Mo ní ọmọ mi yóò máa wò mí láti Èkó. Gbogbo wọn ṣe àmín.

Nígbà tí Akínwùmí dé, ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀, tí a ó fi ti kámẹ́rà náà bí ẹni fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn. Mo ronú, mo mú un. Ó ní kí n sọ ọ́ kí òun tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Mo ní ṣebí ìwọ náà lo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀? Ó bẹ̀ mí títí, mi ò sọ. Ìgbà tó sú u, ó lọ mú tirẹ̀. Tèmi ṣì wà nínú mi, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n títí dòní, nítorí náà tí o bá ń fẹ́ èyí tó dájú, wá gbà á.

Ó tún ki káàdì pẹlẹbẹ kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò mi bọ inú rẹ̀, ó ní gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá rí ni yóò máa wà nínú káàdì náà, a sì lè padà wò ó nígbàkígbà. Mo bi í bóyá yóò lè fi Bàbá Ládiípọ̀ hàn mí, ọjọ́ kan péré, kódà kó jẹ́ ibi tó ti ń bínú sí mi. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó ní rárá mà, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kó tó dé kò sí nínú rẹ̀. Mo ní ó dáa, kò jẹ̀bi, àlejò ni, kò bá wọn nílé.

Ṣùgbọ́n níbo ni Akínwùmí kàn án mọ́? Òpó iwájú ilé. Níbo ló dojú rẹ̀ kọ? Fàráńdà, níbi tí Ìyá Mujeebat ayálégbé wa máa ń jókòó sí láàárọ̀ láti ṣa ẹ̀wà tó fi ń se mọ́ínmọ́ín tó ń tà. Èmi, ìwọ náà mọ̀, ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń wà nídìí kànga àti ààrò, láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti gbé mi wọlé yìí. Nítorí náà, ojú tí o rà fún mi, Ìyá Mujeebat ló ń wò látàárọ̀. Mi ò kọ́kọ́ fi ṣe nǹkan kan. Mo ní ojú ọmọ mi kò lè gùn kó yí ilé po.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń fa omi lọ́wọ́, tí mo gbọ́ ohùn rẹ níwájú ilé. Ohùn ìwọ Àkànní gan-an. Ò ń kí ènìyàn pé ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣé é gan-an ni. Mo ju okùn sílẹ̀, korobá já wọ inú kànga, mo sáré, ìró ń tú, mo ti ń pe oríkì rẹ bọ̀ láti ẹ̀yìn. Mo dé iwájú, mi ò bá ọ. Ìyá Mujeebat ni mo bá, ó ń rẹ́rìn-ín sí òpó. Mo ní Ládiípọ̀ dà? Ó ní, ha, Ìyá Ládi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, inú kámẹ́rà ló ti kí mi, ó ti fẹ́ wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kò béèrè mi ni? Ó ní ó ní òun á pè yín tó bá yá.

Àkànní, tó bá yá! Ìyá Mujeebat gba ẹ káàárọ̀, ìyá tó bí ọ gba tó bá yá. Mo dúró sábẹ́ òpó náà, mo ń pè ọ́, kámẹ́rà ń wò mí bí ẹni tí a ò jọ mọ ara wa rí. Korobá náà ṣì wà nínú kànga bí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kó lọ síwájú ilé. Mo wọ àǹkárá tí o rà fún mi nígbà Kérésì, mo wé gèlè, mo jókòó sábẹ́ òpó, mo ń gé ilá. Ìyá Mujeebat ní, Ìyá Ládi, ta ni ẹ ń retí, ṣé ọkọ tuntun ni? Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní ọmọ tó ń ríran láti Èkó, ṣé kò ní rí yín tí ẹ ò bá wé gèlè ni? Mo ní ẹni tí wọ́n ń kí láàárọ̀ kò lè mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọn ò kí. Ó ní ẹ má bínú, ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo ní mi ò jẹ. Nígbà tó yá mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò bá a rẹ́rìn-ín.

Mo tún gbé àdògán síwájú ilé kí o lè rí mi níbi tí mo ti ń se ọbẹ̀. Èéfín bo kámẹ́rà lójú, o sáré pè mí, o ní Màmá, ṣé ilé ń jó ni? Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ní ọmọ mi ti rí mi. O ní kí n gbé e padà sẹ́yìn ilé. Mo gbé e, èmi náà sì bá a padà sídìí kànga mi.

Ohun tó wá mú kí ọ̀rọ̀ náà dé góńgó ni àga bàbá rẹ, àga onígi tó máa ń gbé sí fàráńdà, èyí tí apá rẹ̀ òsì ń mì, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò jẹ́ jókòó lé nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi ni mo gbé e sí ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri, nítorí mi ò fẹ́ máa rí i lófìfo. Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mo sì rí Ìyá Mujeebat tó ń gbé àga ọkọ mi jáde. Ó fi etí ìró ara rẹ̀ nù ún, ó gbé e sí ibi tí bàbá rẹ máa ń gbé e sí gẹ́lẹ́, ó sì dojú rẹ̀ kọ òpó. Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ohùn rẹ, ò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní ó tán. Obìnrin yìí ti gba ojú ọmọ mi, ó tún ń gba àga ọkọ mi. Tó bá di ọ̀la, á ní òun ló bí ọ. Mi ò bá a jà. Mo jẹ́ kó gbé mọ́ínmọ́ín rẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, mo gbé àga náà wọ yàrá mi, mo tilẹ̀kùn, mo sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró.

Ilẹ̀ mọ́, ó wá àga títí. Ó ní, Ìyá Ládi, àga Bàbá dà? Mo ní bàbá ta ni? Bàbá tìrẹ wà ní Ìsẹ́yìn, lọ béèrè àga lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òpó, ó wò mí, ó ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, ó wá lọ jókòó ti ẹ̀wà rẹ̀.

Kò tíì ṣa ẹ̀wà náà tán tí fóònù mi fi dún. Ìwọ ni. O ò tilẹ̀ kí mi. O ní Màmá, àga Bàbá dà? Mo ní kí lo fẹ́ fi àga ṣe ní Èkó? Ìgbà náà lo wá sọ ọ́ fún mi, Àkànní, ohùn rẹ sì dà bí ìgbà tí o wà ní kékeré tí o fọ́ àwo. O ní ní ìdíkọ̀ láàárọ̀ o máa ń ṣí fóònù wo àga náà. O ní àsìkò yẹn gan-an ni bàbá rẹ máa ń pè ọ́ láti orí rẹ̀, tí yóò bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun. O ní tí o bá ti rí i níta, ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé bàbá kàn wọlé lọ mú fìlà ni, ó ń padà bọ̀. O ní ìwọ lo bẹ Ìyá Mujeebat kó máa gbé e jáde, kó sì máa gbé e wọlé kí n tó kúrò nídìí kànga, nítorí pé ẹkún mi lo ń bẹ̀rù.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ṣí yàrá, mo bá àga náà níbẹ̀, mo sì bínú sí i. Mo ní, Bàbá Ládi, ẹ ti lọ tán, ẹ ò sì jẹ́ kí n rí ojú ọmọ gbà. Ẹ̀yin lẹ máa ń pè é láàárọ̀ nígbà tí ẹ wà, ẹ̀yin náà ló tún ń wá nígbà tí ẹ ò sí. Èmi tí mo lóyún rẹ̀ ńkọ́? Àga ò dáhùn. Mo bá jókòó lé e. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ bàbá rẹ, mi ò jókòó lé e rí. Apá òsì rẹ̀ mì. Òórùn róòbù tó máa ń fi pa orúnkún ṣì wà lára igi náà.

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń nu ojú ni ó yé mi pé èmi náà ń wá a. Ẹ̀yìn ilé tí mi ò fẹ́ kúrò láàárọ̀, ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ ní fàráńdà, tí mo fi ń mọ̀ pé ó ti jókòó, kí n gbé ògì rẹ̀ lọ. Mo ṣì máa ń dákẹ́ fetí sílẹ̀ tí ògì bá ti hó. Ìwọ ń wá a níwájú, èmi ń wá a lẹ́yìn, a ò sì sọ fún ara wa.

Mo bẹ Ìyá Mujeebat. Ó ní ó ti ń yún òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun ti ṣèlérí fún ọ. Ó ní láti Bẹẹrẹ dé Mọ́lété, òun ò tíì gbọ́ ìyá tó ń jowú àga. Mo ní jẹ́ kí Mujeebat tìrẹ náà lọ sí Èkó ná. Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o gbọ́. Ohun tí ọmọ mi bá fẹ́ rí láàárọ̀, èmi ni n ó gbé e jáde.

Àkànní, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi pe káfíńtà kó kan apá àga, kí n sì fi ra korobá, nítorí ẹ káàárọ̀ tí o kí ẹlòmíràn ló mú kí èyí tí mo ní rì. Má gbàgbé dátà tí kámẹ́rà ń jẹ, mi ò mọ èyí tó fẹ́ràn, èyí tó bá dára ni kí o rà fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ra kámẹ́rà kan kàn mọ́ ògiri yàrá tìrẹ náà, kí Akínwùmí kọ́ mi bí a ṣe ń wò ó, kí n lè mọ̀ bóyá o ń jẹun alẹ́, kí n sì rí obìnrin tó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ ní Sátidé. Mi ò jowú o. Mo kàn fẹ́ mọ ọmọ ilé ibi tó jẹ́ ni.

Ọlọ́run yóò máa wò ọ́ níbi tí ojú mi kò dé. O ò ní rìn ní ọjọ́ tí ọ̀nà ń bínú. Ohun tí bàbá rẹ tọrọ fún ọ lórí àga yẹn láràárọ̀, kò ní bọ́ sílẹ̀. Èmi Clara ìyá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí o tó wọkọ̀, ṣí fóònù rẹ. Àga bàbá rẹ á wà níbi tó máa ń wà. Àpótí ìdáná mi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi á sì jókòó sórí àpótí náà. Wo bàbá rẹ dáadáa, kí o wá kí mi. Òjò ìbáà rọ̀, n ó máa gbé e jáde.