Ojú Tó Wà Lábẹ́ Òrùlé Wa

Ọmọbìnrin mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Èmi bàbá rẹ, Ọ̀gá Pátákó bí o ṣe máa ń pè mí, ni mo ń kọ̀wé sí ọ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Àga kékeré tí mo kàn fún ọ nígbà èwe rẹ, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, òun náà ń kí ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun burúkú nípa rẹ. Àwọn tó fọ́ fèrèsé ọ́fíìsì yín, tí wọ́n lu ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ́ lọ́yà nítorí pé ẹ ń gbèjà àwọn àjèjì tó wá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ yẹn, Ọlọ́run á fọ́ wọn lójú kí wọ́n má rí ọ. Àmín.

Àlejò tí o fi ránṣẹ́ sí wa ń ṣe dáadáa. Aránṣọ gidi ni, gbogbo ṣòkòtò mi tó ti ya ló ti tún rán. Yàrá ẹ̀yìn ló ń sùn, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ti dúró níta báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ó ti bá a. Ó ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ aṣọ àwọn gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó ń tilẹ̀kùn mọ́ wọn, ẹni tó bá béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, lílù ni wọ́n máa ń lù ú. O ní tó bá fi lè dé kóòtù kó sọ ohun tó rí, ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn ti parí. O tún ní a ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni o. Kódà fóònù tí o ní àwọn èèyàn lè máa ti inú rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, mo ti fi aṣọ dì í, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi, mo gbé òòlù lé e lórí. Kó máa gbọ́ ti òòlù níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà ni pé inú ń bí mi sí ọ díẹ̀. Ojú tí o fi ránṣẹ́ sí wa yìí, kí ló dé tí o kì í dáhùn? Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tó gbé e wá mọ̀wàá hù. Wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé, wọ́n pe orúkọ rẹ, wọ́n tiẹ̀ mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn ilé tí o ń gbé. Wọ́n ní ìwọ lo ní kí àwọn wá kàn án mọ́ abẹ́ òrùlé, kí o lè máa rí wa láti ibi iṣẹ́. Ohun dúdú róbótó, pẹ̀lú iná pupa tíńtín níwájú. Ìṣó tí wọ́n mú wá ò dáa, èmi ni mo fún wọn ní ìṣó gidi, mo sì bá wọn di àkàbà mú.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni mò ń bọ́ síta lọ kí ọ. Mo máa ń wọ ẹ̀wù tó dáa kí o má baà rò pé ìyà ń jẹ wá. Màá sọ bí àlejò rẹ ṣe sùn fún ọ, ohun tó jẹ, ìgbà tó jáde lọ wẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n yéé bá ògiri sọ̀rọ̀ bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú. Ó fi agbọ̀n bò ọ́ lójú, mo ṣí i, mo sì bẹ̀ ọ́. Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo sọ fún ọ pé yàrá ẹ̀yìn ló wà? Ńṣe ni orí rẹ yí, díẹ̀díẹ̀, títí o fi kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, o ò sì yí padà mọ́. Ọjọ́ kejì, mọ́tò kan wá dúró nísàlẹ̀ òpópónà wa, kò sẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé omi lọ fún wọn, gíláàsì wọn dúdú. Ẹnìkan látinú ọkọ̀ ní òùngbẹ ò gbẹ àwọn, ó sì pè mí lórúkọ.

Lánàá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹn tún dé. Wọn ò béèrè ọ̀nà, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí yàrá ẹ̀yìn tààrà. Bẹ́ẹ̀dì lásán ni wọ́n bá. Ìyá rẹ ti mú àlejò jáde láàárọ̀, òun nìkan ló sì padà wálé. Àwọn ọmọ náà ní wáyà làwọn wá wò, wọ́n lọ. Mo bínú sí ìyá rẹ gan-an, mo sáré lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ọ́ lábẹ́ òrùlé, o kàn ń wò mí.

Dúró ná, mo gbọ́ nǹkan níta.

Ọmọ mi, mo ti padà. Ojú yẹn sọ̀rọ̀. Ó béèrè pé ibo ni ìyàwó mi mú obìnrin yẹn lọ. Ohùn ọkùnrin ni. Mo kọ́kọ́ rò pé òtútù ló mú ọ, mo tiẹ̀ ti ní kí o lo oògùn ikọ́, kí n tó fura. Kò kí mi. Ọ̀sán gangan, kò kí mi kú ọ̀sán, kò pè mí ní Ọ̀gá Pátákó, ó sì ń pe ìyá rẹ ní ìyàwó mi. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìkíni kó tó mọ̀ ọ́n rìn! Gbogbo àárọ̀ tí mo ti ń jáde yẹn, ta ni mò ń kí?

Mi ò sá. Mo rẹ́rìn-ín sí i bí mo ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi, àlejò rẹ ti bá ọkọ̀ ẹrù padà sílùú wọn, ó ní òun ò ṣe ẹjọ́ mọ́. Orí rẹ̀ wá yí kúrò ní ẹ̀yìnkùlé díẹ̀díẹ̀, ó dúró sí ojú mi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí mọ́tò ìsàlẹ̀ òpópónà ń lọ.

Má sùn nínú ilé yẹn mọ́, wọ́n mọ ilẹ̀kùn rẹ. Ibi tí obìnrin náà wà, mi ò béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ, ẹnu mi ti ba nǹkan jẹ́ tó. Ìyá rẹ ní lọ́jọ́ kóòtù, kí o ṣáà máa wo ẹnu ọ̀nà, òun fúnra òun ló máa mú un wọlé. Fún ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá lówó díẹ̀ fún wa, fún owó ọkọ̀ ìyá rẹ àti àlejò lọ́jọ́ kóòtù, àti àgádágodo tuntun. Má fi sí báǹkì o, mi ò mọ ẹni tó ń gbé inú ìyẹn náà.

Ọlọ́run á bò ọ́, ìwọ àti gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Ọwọ́ ìkà kò ní tó yín. Mi ò yọ ojú náà o, torí tí mo bá yọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé mo ti mọ̀. Lọ́la, màá wọ ẹ̀wù, màá bọ́ síta, màá kí i, màá pè é lọ́mọ mi. Tí o bá ń fèsì lẹ́tà yìí, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ kí mi dáadáa, kí n lè mọ̀ pé ìwọ ni.

Èmi ni,
Ọ̀gá Pátákó rẹ.