Gíláàsì Méjì fún Orúnkún Bàbá

                                        Yàrá ìta,
                                        Ilé Bàbá.
                                        Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò ilé, ẹ sì kú àìsùn, torí mo mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti pè yín lórí fóònù, ẹ ò tíì fojú kan oorun. Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ti fi èyí tó kéré jù sílẹ̀? Ara tiwa le níbí. Ẹ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná kí ẹ tó kà síwájú: Bàbá ò ní ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́. Ara wọn ti ń yá, ẹnu wọn náà sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí mo pè yín, orúnkún wọn ti wú bí orí ọmọ tuntun, ó gbóná janjan, aṣọ ìbora lásán ò gbọdọ̀ kàn án. Bàbá tí kì í sọ pé nǹkan ń dun òun wá ń ké bí ọmọdé. Dókítà eegun fi abẹ́rẹ́ fa omi inú orúnkún náà, omi ọ̀hún dàrú bí omi ìfọṣọ. Ó ní bó bá jẹ́ kòkòrò ló wọ inú oríkèé, àfi kí àwọn là á kíá, kí àwọn fọ̀ ọ́ kó tó ba eegun jẹ́. Bó bá sì jẹ́ gáòtù ni, ìyẹn àrùn tó máa ń mú kí iyọ̀ kan láti inú ẹ̀jẹ̀ dì sí oríkèé bí abẹ́rẹ́ wínníwínní, oògùn lásán ti tó o. Ẹ sì mọ bí ọkàn Bàbá ṣe rí. Ẹ̀rù oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun ń ba dókítà fúnra rẹ̀. Bàbá ní tiwọn ti sọ pé, "Ẹni tó bá mú ọ̀bẹ dé orúnkún mi, kó kọ́kọ́ fi gún mi láyà."

Èmi ni wọ́n gbé omi náà fún nílé àyẹ̀wò. Mo fi aró kùn ún, mo wá kòkòrò títí, n kò rí. Ṣùgbọ́n pé èèyàn ò rí kòkòrò, ìyẹn ò ní kó má sí níbẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ wínníwínní yẹn ni mo ní láti rí, wọn kì í sì í fara hàn dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ lásán. Awò maikirosikóòpù tuntun tó lè fi wọ́n hàn ti wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe. Èyí tó kù ni ti àtijọ́ tí ọ̀gá mi fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó fẹ̀yìn tì: irin dúdú, ó wúwo bí odó, ó sì dàgbà jù mí lọ. Orogún òun ni ìyàwó mi ń pè é, torí gbogbo ìgbà ni mo ń ra nǹkan ẹ̀ṣọ́ fún un. Dígí ló fi ń gba ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fi gílóòbù kékeré rọ́pò rẹ̀, tí mo sì fi gíláàsì búlúù bò ó kí ìmọ́lẹ̀ má bàa pọ́n bíi ti fìtílà.

Mo sáré sọdá títì lọ bá ayàwòrán tó ń ya fọ́tò pélébé fún àwọn èèyàn. Mo ní kó yá mi ní gíláàsì asẹ́mọ́lẹ̀ méjì, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu kámẹ́rà kí ojú omi má bàa máa kọ mànà. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ta lẹ fẹ́ yà?"

"Orúnkún bàbá mi ni."

Kò yé e, àmọ́ ó fún mi ní ọ̀kan tó dára àti ọ̀kan tó ti sán létí.

Mo gbé èyí tó dára lé gílóòbù nísàlẹ̀. Ìkejì fẹ̀ ju ẹnu awò lókè lọ, ni mo bá gé páálí bàtà, mo fi ṣe òrùka fún un. Ìyá Ìbejì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló bá mi di páálí mú. Mo wá ń yí ti òkè díẹ̀díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń kú lọ, títí gbogbo rẹ̀ fi ṣókùnkùn biribiri. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: gíláàsì kan ń dínà fún ìkejì, iyọ̀ dídì yẹn nìkan ló lè tàn níbẹ̀.

Mo ti omi orúnkún Bàbá sábẹ́ rẹ̀. Òkùnkùn. Mo sún un sápá òsì. Òkùnkùn. Mo wá ń fà á síwá sẹ́yìn kíákíá.

Ìyá Ìbejì ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun rẹ̀."

Mo tún sún un. Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wà níbẹ̀! Abẹ́rẹ́ wínníwínní tó mú ṣóńṣó lórí, tó mú ṣóńṣó nídìí, wọ́n ń tàn yanranyanran. Mo pariwo. Ìyá Ìbejì náà pariwo kó tó mọ ohun tí mo rí.

Dókítà wá, ó wò ó, ó wò ó, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí abẹ sinmi ná." Kó má bàa sí àṣìṣe, ó fún Bàbá ní oògùn kòkòrò pẹ̀lú ti gáòtù títí a fi rí àbọ̀ àwo tí a gbin omi náà sí láti mọ̀ bóyá kòkòrò á hù. Kòkòrò kankan ò hù níbẹ̀. Mo wọ inú yàrá tí a ń kó ìgò pamọ́ sí, mo jókòó, mo sunkún ayọ̀.

Orúnkún ti fẹ́ẹ̀ fọn tán. Dókítà ní kí Bàbá yẹra fún ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọtí. Wọ́n ń bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bínú oúnjẹ ti kúrò lẹ́ni tó ń kú lọ. Nítorí náà, ẹ má tíì forí lé ọ̀nà; ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gba ìsinmi kí gbogbo yín tó wá.

Lánàá ni Bàbá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá síbi iṣẹ́ mi, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọ̀tá àwọn. Wọ́n di ojú kan, wọ́n tẹ̀ ba sórí awò náà.

"Ṣé nǹkan tó ń gún mi nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n tún tẹ̀ ba, wọ́n ní, "Ó mà rẹwà o! Ìkà tó rẹwà tó báyìí, n kò rí irú rẹ̀ rí."

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Màmá ní kí ẹ sùn dáadáa lálẹ́ òní.

                                        Èmi ni tiyín, tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀,
                                        Àbíkẹ́yìn ilé.