Fíréèmù tí mo là mọ́ Kọ́lá lórí

Ọjọ́rú, oṣù Kẹjọ, 1999. Àdúgbò D-Line.

Àfọ́kù gíláàsì wà lábẹ́ àga, n kò tíì gbá a.

Nítorí Kọ́lá, àbúrò mi, ni mo ṣe ta maṣíìnì ìránṣọ mi, kó lè ṣe ìdánwò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà. Ó yege, ó ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Onne, ó sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sínú fíréèmù onígíláàsì, ó gbé e kọ́ sára ògiri mi, lókè ibi tí maṣíìnì wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mò ń nu eruku ara rẹ̀.

Lónìí, wọ́n ní kó lọ rọ́ọ́kún nílé. Ó ní, "Àǹtí mi, ìwé ẹ̀rí yẹn ti ẹkspáyà. Ọdún méjì péré ni wọ́n ń fún èèyàn. Àfi kí n tún ìdánwò ṣe."

Ìwé ẹ̀rí tó ń bàjẹ́ bíi búrẹ́dì!

Ó wá ń wo fìríìjì mi, bíi pé òun ló kàn láti tà.

Mo já fíréèmù náà lára ògiri, mo là á mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Mo fẹ́ tún là á mọ́ ọn, ọpẹ́lọpẹ́ Mama Ibinabo, aládùúgbò wa, tó gbá mi mú: "Aunty Bunmi, you wan kill am?"

Kí n má purọ́ fúnra mi, mo fẹ́ pa á.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní kẹ́míìsì rán orí rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, bí ẹni ń dí àpò gàrí. Èmi tí mo mọ nǹkan rán, mo jókòó, mo ń wo abẹ́rẹ́.

Àpá yẹn ò ní ẹkspáyà láé.