Àlọ́ Tí Mo Pa Lójú Oòrùn

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ kú ìdí ìkòkò òrí, ẹ sì kú àìrí mi láti ọjọ́ yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà ní Ajah. Mo kí Bùọ̀dá Sùlé, mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ, mo kí Ìyá Àgbà bí etí wọn bá ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn yìí fún Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìta ná. Bí oòrùn bá ṣì wà lókè, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun Mọ̀gàríbì tán kí ẹ tó máa kà á lọ. Ọ̀rọ̀ àlọ́ ló wà nínú rẹ̀, wàhálà tí mo sì ti dá sílẹ̀ ti tó mi.

Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ sílé tí n kò rí èsì. Ìdí nìyí tí mo fi gbé eléyìí fún oníwèé-ìròyìn, bóyá ẹnì kan ní Ṣakí á rí i, á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Ojú ń tì mí pé gbogbo ayé á gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa, ṣùgbọ́n ara mi kò lélẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ káfíńtà náà ni mo ṣì ń ṣe. Títì tuntun ni wọ́n ń là gba àárín iyanrìn lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, èmi ni mo ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Iyanrìn ibí wà nínú bàtà, ó wà nínú ẹ̀bà. Atẹ́gùn òkun ń jẹ ìṣó mi bí ìgbà tí ikán bá rí igi. Òrí tí ẹ fún mi ni mo fi ń pa ayùn kó má baà dípẹtà, ó sì ti ń tán lọ. Bí òjò bá ti dé, ọ̀gá á ní kí a lọ jókòó sílé, nígbà mìíràn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìjókòó yẹn ló burú. Àwọn ará ibí ń sọ èdè tó jọ ti Ìjẹ̀bú, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ilé Bàbá Tíṣà ni mo ń gbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ onílẹ̀. Ìwé kún yàrá wọn dé òrùlé: ìwé ìtàn òrìṣà, ìwé iwin, ìwé oògùn àti ọfọ̀ láti ìlú tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Èmi ni mo kan pẹpẹ tí wọ́n tò wọ́n sí. Wọ́n ní nínú gbogbo rẹ̀, àlọ́ ìhà ọ̀dọ̀ wa kò sí ńbẹ̀, àwọn sì fẹ́ kọ ọ́ síwèé kí àwọn tó kú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ yín ni mí, pé gbogbo àdúgbò ló ń wá gbọ́ àlọ́ lẹ́nu yín, wọ́n bẹ̀ mí kí n máa pa á fún àwọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú wọn kì í ríran kọ̀wé nídìí àtùpà mọ́. Ọ̀sán nìkan ni.

Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ tí mo ní kí ẹ pa àlọ́ fún mi nídìí ìkòkò. Ẹ fi ọwọ́ olórìí gbá mi lẹ́nu, ẹ ní ẹni tó bá ń pa àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ló ń lé kúrò láyé. Mo sọ ọ́ fún Bàbá Tíṣà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ronú, wọ́n wá dá ọgbọ́n kan. Èmi á wọ yàrá inú, a ó fi ẹní dí fèrèsé, màá tan àtùpà. Àwọn á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, wọ́n á máa gbọ́, wọ́n á máa kọ. Alẹ́ ni lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwọn. Báyìí ni a ṣe gbogbo òjò yẹn, tí òógùn ń bò mí nínú òkùnkùn, inú mi sì ń dùn, torí ohùn yín ni mo ń gbọ́ lẹ́nu ara mi.

Lọ́jọ́ kan òjò dá, a sá ìwé tí wọ́n kọ àlọ́ sí, tó ti rin, sórí ẹní níta. Ewúrẹ́ aládùúgbò yọ sí wa, ó jẹ odindi àlọ́ kan, ti obìnrin tó wá ọmọ rẹ̀ lọ sínú omi. Bàbá Tíṣà figbe ta, wọ́n ní kí n tètè tún un sọ kó tó di pé àwọn gbàgbé. Mo la ẹnu. Mo pa á látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo kọ orin rẹ̀, mo sì jó, ní ọ̀sán gangan. Ìyá ilé, ìyàwó Bàbá Tíṣà, yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n bi mí bóyá ìyá mi ṣì wà láyé. Mo ní ẹ wà. Wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí ẹja wọn. Ẹyin lohùn, Màámi, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni awakọ̀ lọ́rì kan tó ń ná Ṣakí sọ fún mi pé ọjà méjì ti ná, àwọn kò rí yín nídìí igbá yín. Mo bẹ Bàbá Tíṣà kí wọ́n yọ àlọ́ yẹn kúrò. Wọ́n ní àwọn gbà, ṣùgbọ́n wọ́n bi mí pé àwọn ọmọ ilé ìwé tó máa ka ìyókù, ìgbà wo ni mo rò pé wọ́n á máa kà á. Ìyá ilé sì wá sọ fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn tí ń gbé etí ọ̀sà, obìnrin inú àlọ́ yẹn kì í ṣègbé sómi bó ti ń ṣe lẹ́nu yín. Wọ́n ní ó máa ń padà wálé, tòun ti aṣọ tútù lára. Mo ti ń rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti àná.

Bí oṣù yìí bá parí, ìwé á lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Bàbá Tíṣà ti fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lófìfo nítorí yín. Bí ẹ bá ní kí wọ́n tẹ àlọ́ obìnrin yẹn síbẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá kọ̀, ó di òfìfo títí láé, n kò sì ní pa á mọ́. Ẹ má wulẹ̀ kọ lẹ́tà gígùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi ń dá apàlọ́ lóhùn, ẹ ní kí Bùọ̀dá kọ ọ́ sórí pépà, kí wọ́n fi rán awakọ̀ yẹn, màá ti mọ̀ pé ẹ ṣì wà.

Ọlọ́run á dá yín sí, á fún yín ní àlàáfíà, á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti gbogbo ẹni tó bá béèrè mi.

Ó yẹ kí ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ yín báyìí. Màámi, ààlọ́ o.

Èmi ni, ọmọ yín,
Làmídì káfíńtà