Ọjọ́ Tí Ẹ Mú Mi Lọ Wo Kìnnìún

Bàbá mi, ẹni tó ń pè mí ní ìyá rẹ̀,

Mo kí yín láti Ìbàdàn tí ẹ fi mí sí. Mo ti gbé aṣọ tí mò ń rán sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ló ń wọ́ láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín, bóyá ọwọ́ mi á lè padà sídìí iṣẹ́.

Mo wá sí ìsìnkú yín. Wọ́n sin yín sábẹ́ igi àgbọn lẹ́yìn ilé wa ní Topo, níbi tí ẹ máa ń sá àwọ̀n sí. Fadá gbàdúrà, àwọn apẹja láti Imeke wa ọkọ̀ wá. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí òmìnira tí wọ́n ní ó ń bọ̀, bóyá òyìnbó á lọ lóòótọ́ àbí wọ́n kàn ń sọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo wọn ló ń sọ dáadáa yín. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ jù ni pé ẹ kì í purọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń gbọ́.

Ìyá nìkan ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó wo ibòmíràn. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló fà á.

Ǹjẹ́ ẹ rántí ọjọ́ náà, Bàbá? N kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹ ti oko àgbọn dé, ẹ bu omi sẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe yín, torí ẹ kì í fẹ́ kí iyanrìn wọlé, ẹ wá ní ẹ ó mú èmi àti Mautin àbúrò mi lọ sí Ìbàdàn lọ wo kìnnìún. Ẹ ní òyìnbó ti kó oríṣiríṣi ẹranko jọ sínú ọgbà ńlá kan níbẹ̀, tèèyàn lè wò wọ́n láìsí pé wọ́n pa á jẹ. Ìyá fẹ́ bá wa lọ. Ẹ ní oyún inú rẹ̀ ti wúwo jù fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ó di irun mi ní ṣùkú, ó fi àdí pa mí lára, ó sì ní kí n wo erin dáadáa, kí n lè wá sọ bí imú rẹ̀ ṣe rí fún òun.

A wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àgbádárìgì dé Èkó, a wọ rélùwéè ní Ìdó. Mautin bì sí aṣọ yín, ẹ kò bá a wí. Ó yẹ kí n ti fura. Ẹ kò bá ẹnikẹ́ni wí nínú wa ní gbogbo ọ̀nà yẹn.

Ọgbà náà tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Ìnàkí kan ká ọwọ́ gbera bíi baálé tí oúnjẹ rẹ̀ pẹ́. Ògòǹgò ń gbésẹ̀ bí obìnrin tó wọ bàtà tuntun. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nì wà nínú omi kékeré, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. “Ẹ wo ẹni tó ń lé wa kiri lórí ọ̀sà, tí wọ́n wá ń wò níbí bí ìyàwó tuntun!” Àwọn èèyàn tó wà nítòsí náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ erè, ẹ dẹ́kun ẹ̀rín. Ẹ ṣí fìlà. Ẹ rọra kí i ní Dangbe, orúkọ òrìṣà erè láàárín àwa Ègùn, bí bàbá tó bí yín ṣe ń kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fadá ti ṣèrìbọmi fún yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, ojú ò sì tì yín. Mo fẹ́ràn yín gan-an ní wákàtí yẹn. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Kìnnìún ń sùn nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan ti ń dúró níbẹ̀. Ẹ kí ara yín bí ẹni tó ti mọra tipẹ́. Ẹ ní kí n kúnlẹ̀ kí i, mo kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fọwọ́ kàn mí lórí, ẹ ní, “Ìyá mi, dúró ti màmá yìí, kí n mú àbúrò rẹ lọ tọ̀.”

Mo dúró. Kìnnìún jí, ó nà, ó sì bú ramúramù débi pé ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo yíjú láti di aṣọ yín mú. Ẹ kò sí níbẹ̀. Mo ń wo ọ̀nà, mò ń wo ọ̀nà, títí àwọn tó ń ṣọ́ ọgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lé èrò jáde. Màmá yẹn di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ mi, wọ́n ti lọ. Ṣé bàbá rẹ ò sọ fún ẹ ni? Ó ní ó ti sọ fún ẹ pé ọ̀dọ̀ mi lo máa gbé, kí o kọ́ṣẹ́ aránṣọ.”

Mo fi igbe bọnu. Mo gé e jẹ. Wọ́n gbé mi jáde nínú ọgbà náà ni.

N kò ní parọ́ mọ́ màmá aránṣọ. Ó bọ́ mi, ó kọ́ mi níṣẹ́, kò fi mí ṣe ẹrú. Ẹ̀yin náà ò pa mí tì pátápátá. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ó yọ lókèèrè tẹ̀yin ti àgbọn àti ẹja gbígbẹ, ẹ ó ní Ìyá ló fi rán yín. Bí mo bá béèrè ìgbà tí mo máa wálé, ẹ ó ní Ìyá ní kí n fara balẹ̀, pé òun ló fẹ́ kí n dúró síbí. Mo gbà yín gbọ́. Mò ń jẹ ẹja, mò ń fi gbogbo ọkàn mi bínú sí ìyá mi. Nígbà tí mo lọ́kọ, ẹ̀yin nìkan lẹ wá. Ẹ ní ẹsẹ̀ ń dun Ìyá. Mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn pé n kò ní ìyá.

Bàbá, ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú yín.

Mo bá Ìyá ní ilé ìdáná, ó ń fọ ìkòkò. Mo tún kúnlẹ̀. Ó bá ìkòkò sọ̀rọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀.

“Ẹni tó ní ilé wa ń rùn fún ẹja, kí ló tún wá dé?”

Mo ní, “Ìyá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Bàbá rẹ ni. Ó ní o di màmá aránṣọ mú, pé o ò padà sí Topo mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ní kó mú mi wá wò ẹ́, á ní o ní kí n má wá, pé màá dójú tì ẹ́ láàárín àwọn ará Ìbàdàn.”

“Èmi kọ́, Ìyá. Mo sunkún títí ohùn mi fi há.”

“Bàbá rẹ kì í purọ́.”

Mautin ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti di géńdé báyìí, ẹ mọ̀ bó ṣe ga tó. Ó gbé àwọn abọ́ tó dì mọ́ra kalẹ̀.

“Ìyá, òótọ́ ló ń sọ. Àwa la sá. Bàbá gbé mi kọ́ èjìká, ó ń sáré. Ẹ̀yìn ni mo kọjú sí, mò ń rí i tó dúró níwájú kìnnìún. Bàbá ní bí mo bá sọ ọ́ nílé, òun á dá mi padà síbẹ̀, òun á fi èmi náà sílẹ̀.”

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ìfọbọ́. Ó kọjú sí ibi tí a sin yín sí, ó sì béèrè ní Ègùn, “Etẹwutu?” Kí ló dé? Ó béèrè bẹ́ẹ̀ títí. Kí ló dé lóòótọ́, Bàbá? Mautin rò pé ibà tó pa àwọn ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ló bà yín lẹ́rù, pé ẹ fẹ́ kí ọ̀kan nínú wa yè. Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní Ìyá ti fàáké kọ́rí pé òun ò ní fi ọmọ òun ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ire mi lẹ ń wá, kí ló dé tí ẹ fi ní láti sọ mí di ọmọ tó kọ ìyá rẹ̀? Kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́ di ìyá tó kọ ọmọ? Ta ni ẹ sọ òótọ́ fún nínú wa gan-an?

Oyún inú Ìyá nígbà náà bàjẹ́, mo wá gbọ́. Ó bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ padà láìsí èmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín kígbe pé opó kì í jáde nílé ọkọ kó tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ìyá dá a lóhùn jẹ́jẹ́, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣe é. Mo ní ọmọ tó ti ń dúró dè mí.” Mautin ló wa ọkọ̀ gbé wa sọdá. Ìyá kò wẹ̀yìn.

Ó wà lẹ́yìn ilé mi báyìí, ó ń wẹ ọmọ mi, ó ń fi Ègùn kọrin fún un, èdè tí èmi fúnra mi ti ń gbàgbé. Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì dárúkọ yín. Bí mo bá dárúkọ yín, á dìde kúrò níbẹ̀. Mautin náà kò jẹ́ kí a sọ ọ́. Nínú gbogbo àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ láyé, èmi nìkan ló kù tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Inú ń bí mi sí yín, Bàbá, kò sì tíì rọ̀. Kí iyanrìn Topo fúyẹ́ lára yín.

Èmi ni,
àkọ́bí yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.